Ojúgun ń pa mí látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ eré sísá. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni?

BàbáKáfáyà · Àlàmísì, 6:40 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ ọdún 43 ni mí, Tanke, ní Ìlọrin, ni mò ń gbé. Ìwé ni mò ń tà, ìyẹn ni pé orí àga ni ìdí mi máa ń wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní nǹkan bí oṣù kan ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n yẹ ìfúnpá mi wò, ó jẹ́ 148 lórí 94. Dókítà ní òun ò tíì fẹ́ kọ oògùn, kí n dín iyọ̀ àti magí kù, kí n máa ṣe eré ìdárayá, ká tún padà wò ó tó bá pé oṣù mẹ́ta. Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé ó parí, eré ni mo máa sá.

Mo ra bàtà kan lọ́wọ́ àwọn olókìríkà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo jáde lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, mi ò tíì sá kọjá ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà tó wà nígun àdúgbò wa tí mo ti ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ìyá yẹn wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bàbá Káfáyà, èèyàn kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún. Ṣé ẹ̀ ń lé nǹkan ni, àbí nǹkan ló ń lé yín?" Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń lé mi. Ó ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó bá mi.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, èémí mi ti ń dúró. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ọjọ́ orí mi. Ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ ni mò ń jáde. Ọmọ mi ti fi áàpù tó ń ka kìlómítà sórí fóònù mi, ẹ ò sì lè mọ bí nọ́ńbà ṣe ń gún èèyàn ní kẹ́sẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo sá kìlómítà 6. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀ mo sá 7, mo gba ọ̀nà géètì Yunifásítì lọ, mo gba ibẹ̀ bọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, bí mo ṣe sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ṣe ló dà bíi pé ẹnìkan ń fi èékánná ha egungun ojúgun mi láti inú. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni, àmọ́ tòsì ló burú jù.

Mo fi róòbù pa á. Mo lo oògùn ara ríro. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo tún sá eré, torí pé nígbà tí oògùn wà lára, kò dùn mí. Ní báyìí, kí n sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù ti di iṣẹ́. Ìyàwó mi ní kí n jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ẹlẹ́ṣinPákátà · 7:02 àárọ̀

Ẹ ò mọ oríkì ìlú yín ni? Ìlọrin ò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn. Ẹṣin ni wọ́n ní ká gùn, ta ló ní kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ ara yín sá a? 😂

Ẹ pẹ̀lẹ́ jàre. Ẹ yọ́ òrí, kó gbóná dáadáa, kí ẹ wá ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ le kó fi wọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́ta péré, ó ti lọ.

ÌyáÌbejì_ÒmùÀrán · 7:15 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ le fọwọ́ kàn án o. Mo nídìí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, màá dé orí ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ jókòó, ẹ ká ṣòkòtò sókè, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ etí egungun ojúgun, lápá inú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè kókósẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ bọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yẹ iṣu wò bóyá ó ti rà. Ṣé gbogbo etí egungun yẹn ló ń dùn, tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ? Àbí ojú kan ṣoṣo ni, tí ẹ lè fi ìka kan bò, tó jẹ́ pé bí ẹ bá tẹ ibẹ̀ ẹ ó ké? Èkejì: ṣé ó ń dùn yín lóru, nígbà tí ẹ sùn jẹ́ẹ́?

BàbáKáfáyà · 9:30 àárọ̀

Mo ti ṣe é níwájú ṣọ́ọ̀bù báyìí, àwọn oníbàárà dúró ń wò mí. Etí egungun náà lápapọ̀ ni, láti bí ìka mẹ́rin sókè kókósẹ̀ títí dé àárín ojúgun. Kò sí ojú kan pàtó. Lóru mò ń sùn dáadáa. Ìgbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ló máa ń le, bí mo bá rìn díẹ̀ á rọlẹ̀.

Físíò_Fate · 12:48 ọ̀sán

Ìyá Ìbejì ti bi yín ní ohun témi náà ìbá bi yín. Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe níbí ní Ìlọrin, àmọ́ mi ò lè fọwọ́ ba ẹsẹ̀ yín láti orí fóònù, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí jọ èyí tí wọ́n ń pè ní shin splints. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá àwọn tí inú wọn ń dùn jù.

Ohun tó fà á rèé. Téèyàn bá bẹ̀rẹ̀ eré, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń tètè mọ́ ọn lára. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èémí á dúró, èèyàn á wá rò pé òun ti di ehoro. Egungun kì í yára bẹ́ẹ̀, oṣù ló ń kà, kì í ka ọ̀sẹ̀. Egungun kì í sì í ṣe igi gbígbẹ, nǹkan alààyè ni. Tí ẹ bá gbé wàhálà tuntun lé e, ara á kọ́kọ́ họ díẹ̀ kúrò lára ẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi tuntun tó le jù bẹ́ẹ̀ dí ojú ibẹ̀. Ẹ wo bíríkìlà tó ń tún ògiri rẹ́. Bí onílé bá ń fi ẹ̀yìn ti ògiri náà lójoojúmọ́ kí sìmẹ́ǹtì tó gbẹ, ta ni ẹ máa dá lẹ́bi? Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, kìlómítà 6, kìlómítà 7 tẹ̀ lé e: ẹ̀yin lonílé yẹn.

Mo fẹ́ kí ẹ dá eré dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò ní kí ẹ jókòó o. Tí ìrìn ò bá dùn yín, ẹ máa rìn. Tí ẹ bá rí kẹ̀kẹ́, ẹ gùn ún. Ìfúnpá yín ò mọ̀ pé ojúgun ń dùn yín. Tí ìrìn lásán bá ti ń lọ láìsí ìrora, ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí: ẹ fọwọ́ di ògiri mú, ẹ gòkè lórí ìka ẹsẹ̀, ẹ ka ení, èjì, kí ẹ wá rọra sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe títí yóò fi di ìpele mẹ́ta. Tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ti rọrùn, ẹ máa fi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe é. Ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun yẹn ló ń bá egungun gba ìró ilẹ̀. Ẹni tó ti jókòó ti ìwé fún ogún ọdún, ẹran ibẹ̀ ti gbọ̀jẹ̀gẹ́.

Tó bá di pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wú, tó gbóná, tí ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ le gbandi, ẹ má kọ ọ́ síbí, ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì síbẹ̀.

AlàgbàỌ̀fà · 2:10 ọ̀sán

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti lé ní ọdún 68, mo sì lè gbé ọmọ yín kan ṣánlẹ̀ títí di òní.

Nígbà tá a wà ní kékeré, ẹsẹ̀ lásán là ń rìn lọ sóko, ẹsẹ̀ lásán là ń sá bọ̀ tí òjò bá ṣú. Mi ò gbọ́ kí ẹnìkan ní ojúgun ń dùn òun rí. Bàtà onífóòmù yìí ló bà yín jẹ́. Abebe Bikila, ará Etiópíà, fi ẹsẹ̀ lásán sá eré kìlómítà 42 ní Róòmù lọ́dún 1960, ó gba wúrà, gbogbo ayé lanu sílẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà.

Físíò_Fate · 3:33 ọ̀sán

Bàbá, ẹ kú àgbà o. Òótọ́ ni ti Róòmù. Àmọ́ ọkùnrin yẹn kan náà wọ bàtà ní Tókíyò lọ́dún 1964, ó tún gba wúrà, ó sì yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: wákàtí 2, ìṣẹ́jú 12 àti ìṣẹ́jú àáyá 11, nígbà tí ti Róòmù jẹ́ 2:15:16. Bàtà ò bà á jẹ́.

Ẹ̀yin náà, láti kékeré lẹsẹ̀ yín ti mọ ilẹ̀, ilẹ̀ oko sì ni, kì í ṣe títì ọlọ́dà. Ẹni tó ti wọ bàtà fún 43 ọdún, tó bá bọ́ ọ lónìí kó máa sá lórí ọ̀dà, ojúgun nìkan kọ́ la máa gbọ́.

AlàgbàỌ̀fà · 3:50 ọ̀sán

Mo gbà. Àmọ́ bàtà òkìríkà tó rà ńkọ́?

Físíò_Fate · 4:21 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun, ìbéèrè gidi nìyẹn. Bàbá Káfáyà, ẹ gbé bàtà náà sórí tábìlì, ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Ṣé ó dúró ṣánṣán, àbí ó fì sápá kan? Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù abẹ́ rẹ̀. Tó bá le bíi pákó, ó ti kú. Bàtà eré máa ń lo nǹkan bíi kìlómítà 500 sí 800 kí fóòmù rẹ̀ tó rẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ wọ tiyín ò sì kọ iye tó ti sá sí abẹ́ ẹ̀. Kódà èyí tí wọ́n kàn kó pa mọ́ sínú àpò fún ọdún púpọ̀, fóòmù rẹ̀ á gan.

Mi ò sọ pé òkìríkà ò dára o. Èmi náà rà níbẹ̀. Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó, kí àyè tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò kan sì kù níwájú ìka ẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Sàngó · 8:05 alẹ́

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bàtà, ẹnìkan ò béèrè oògùn. Bàbá Káfáyà, oògùn ara ríro wo lẹ lò, ẹ sì ti lò ó fún ọjọ́ mélòó?

BàbáKáfáyà · 8:40 alẹ́

Ibuprofen 400 ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, nígbà míì ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ti tó ọjọ́ 9. Nígbà míì mo máa ń lò ó kí n tó jáde lọ sá eré, lórí ikùn òfìfo.

Nọ́ọ̀sì_Sàngó · 8:52 alẹ́

Ah! Ẹ̀gbọ́n!

Ẹni tí wọ́n ní ìfúnpá rẹ̀ ga ò gbọdọ̀ máa jẹ ibuprofen bí ẹ̀pà. Ó máa ń gbé ìfúnpá sókè. Ẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ sá eré kó lè wálẹ̀, ẹ̀ ń fi ẹnu gbé e padà sókè. Lórí ikùn òfìfo, ó lè dá egbò sí ikùn. Téèyàn bá tún ń làágùn tí kò mu omi tó, kíndìnrín ló ń fìyà jẹ. Ẹ dá a dúró, kí ẹ sì sọ fún dókítà yín pé ẹ ti lò ó. Tí ìrora bá di dandan, ẹ bi í léèrè bóyá paracetamol á dáa.

Kí ẹ tún wo nǹkan kejì. Ẹ fún ajá tó ń gbó ní oògùn oorun, olè sì ṣì wà nínú ọgbà. Ìrora yẹn ni ìbá dá yín dúró lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹlẹ́ṣinPákátà · 9:14 alẹ́

Èmi ṣì dúró lórí òrí o. Bàbá kan wà tó ń to eegun, iṣan tó bá lọ́ pọ̀, tó bá ti fi àdí wọ́ ọ, ó tán. Àwọn físíò wọ̀nyí ń gbowó lọ́wọ́ yín láti ní kí ẹ dúró lórí ìka ẹsẹ̀.

ÌyáÌbejì_ÒmùÀrán · 9:58 alẹ́

Ó ti yá kí n sọ ìdí tí mo fi sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ẹ ṣe sùúrù, ó gùn díẹ̀.

Mi ò bú àwọn tó ń to eegun o. Bàbá tó to apá àbúrò mi ọkùnrin nígbà tó já bọ́ lórí igi máńgòrò, àdúrà la ṣì ń gbà fún un. Tèmi yàtọ̀. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo fẹ́ fọn. Ìgbéyàwó àbúrò mi ń bọ̀, wọ́n ti rán aṣọ ẹbí, tèmi ò gbà mí. Mo wá ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, mo sì ń sá eré láràárọ̀ lójú ọ̀nà tó jáde sápá Àjàṣẹ́. Mo fọn lóòótọ́! Gbogbo èèyàn ń kan sáárá sí mi. Láàárín oṣù kẹta, ojú kan wà ní ojúgun mi ọ̀tún, kò tóbi ju owó ẹyọ lọ, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Tí mo bá dùbúlẹ̀ lóru, ó ń lù kì-kì-kì bí ìlù.

Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan tó ń wọ́ra. Ó ní iṣan ló dì. Ó fi àdí gbígbóná sí i, ó gbé oríkèé ìka ọwọ́ ẹ̀ lé ojú ibẹ̀ gan-an, ó sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbejì ni mo bí, mi ò pariwo tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mi ò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀.

Mo lọ ya X-ray. Wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Inú mi dùn, mo sinmi ọjọ́ mẹ́rin, mo padà sí ojú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe jù. Nígbà tó yá ni dókítà mìíràn ṣàlàyé fún mi pé tí egungun bá sán látàrí eré, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó hàn nínú X-ray. Nígbà tí wọ́n máa ya èkejì, ó ti hàn kedere: ìlà tín-ín-rín kan, egungun tuntun sì ti wú yí i ká bí ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Ọ̀sẹ̀ 8 ni mi ò fi sá eré. Mẹ́rin nínú ẹ̀, igi ni mò ń kì bọ abíyá.

Dókítà yẹn bi mí ní nǹkan tẹ́nì kankan ò bi mí rí. Ó ní, "Mọ́mì, nǹkan oṣù yín ńkọ́?" Mo ní ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti rí i gbẹ̀yìn, mo sì rò pé wàhálà ni. Ó ní oúnjẹ tí mi ò jẹ ló gbé e lọ, òun náà ló sì sọ egungun mi di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ara tí kò rí oúnjẹ tó máa ń dín ìnáwó kù ni, àtúnṣe egungun sì wà lára ohun tó máa ń kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin tó wà níbí, ẹ jọ̀ọ́, tí nǹkan oṣù bá dá nítorí eré sísá, ẹ má pè é ní ìsinmi.

Mi ò wọ aṣọ ẹbí náà níkẹyìn. Pẹ̀lú igi abíyá, bùbá tó fẹ̀ ni mo wọ̀.

Ẹlẹ́ṣinPákátà · 10:20 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Mo gbé òrí mi padà sínú igbá.

AS_sí_SS · Jímọ̀, 5:50 àárọ̀

Kí n sọ̀yí kí n máa lọ. Ẹni tó bá jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ sickle cell, tí egungun ẹsẹ̀ bá ń dùn ún lẹ́yìn eré, kó má fi ti Bàbá Káfáyà wé tirẹ̀. Ó lè jẹ́ ìdààmú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní crisis ló ń bẹ̀rẹ̀. Kó mu omi, kó fi nǹkan móoru bora, kó kàn sí dókítà rẹ̀. Èmi ni mo mọ ohun tójú mi rí.

Ọmọge_Adéwọlé · 6:33 àárọ̀

Ẹ má bínú pé mo bọ́ sáàárín ọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún 26 ni mí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ eré lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ti fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré, àyà mi á fẹ́ bẹ́. Èkejì, ojú ń tì mí. Híjáàbù ni mò ń wọ̀, tí mo bá kọjá níwájú àwọn ọlọ́kadà, wọ́n á máa ké "Alhaja, ẹ rọra o!" Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

ÌyáÌbejì_ÒmùÀrán · 7:10 àárọ̀

Àbúrò mi, o ń sá eré jù ni. Kò sẹ́ni tó ní kí o sá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Josh Clark ló ṣe ètò kan lọ́dún 1996 tí wọ́n ń pè ní Couch to 5K, ìyẹn láti orí àga dé eré kìlómítà 5. Ọ̀sẹ̀ 9 ni, ẹ̀ẹ̀mẹta péré lọ́sẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wàá kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú 5 rìn kíákíá, lẹ́yìn náà wàá sá fún ìṣẹ́jú kan, wàá rìn fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ìṣẹ́jú 20 á fi pé. Ìyẹn ni mo fi padà sídìí eré lẹ́yìn tí mo ju igi nù. Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí mo ṣe lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kọjá lọ. Kò sẹ́ni tó bi mí. A-sáré-tete ò ní kọjá ilé, a-rìn-gbẹ̀rẹ̀ ò ní sùn sọ́nà.

Bí o ṣe máa mọ̀ pé o ò yára jù: máa ka Fátíhà sókè bí o ṣe ń sá a. Tí o bá ń dúró mí èémí láàárín áyà (ẹsẹ̀ Kùránì) kan ṣoṣo, o ti ń yára jù, fà á sẹ́yìn. Èmi tí mo jẹ́ onígbàgbọ́, "Olúwa ni olùṣọ́-àgùntàn mi" ni mo ń kà. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, mi ò dé "kì yóò ṣe aláìní."

Nọ́ọ̀sì_Sàngó · 7:26 àárọ̀

Ti àwọn ọlọ́kadà, wá sí sitédíọ̀mù ní ìdájí. Wàá bá àwọn ìyá tó dàgbà jù mí lọ níbẹ̀ pẹ̀lú híjáàbù, wọ́n ń yípo. Tó bá jẹ́ ojú títì lo máa gbà, kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, má kẹ̀yìn sí i. Má sì máa sá ní etí títì tó dà gẹ̀rẹ́ sí gọ́tà lápá kan náà lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ kan á máa ga ju èkejì lọ. Bí ọyẹ́ bá ti gbé eruku dé, tí o ò rí òpin àdúgbò mọ́, inú ilé ni kí o ti fò sókè fò sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin, oòrùn Ìlọrin kì í dúró dè ọ́, kí aago méje tó lù ni kí o ti parí.

Ọmọge_Adéwọlé · 7:31 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an ni. Tó bá wá di Rámádánì ńkọ́?

BàbáKáfáyà · 7:45 àárọ̀

Èyí ni mo lè dáhùn, torí mo ti bi Áfáà mi àti dókítà mi. Ìrìn ni kí o fi rọ́pò rẹ̀, bí ìdajì wákàtí kí omi ìṣínu tó dé, kó lè jẹ́ pé bí o bá ti wọlé báyìí, omi ló kàn. Ẹni tó bá fẹ́ sá dandan, kó jẹ́ lẹ́yìn àṣàmù, ìrun alẹ́ Rámádánì.

Ti ojúgun mi, mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ. Mo ti fún ọmọ mi ní ibuprofen pé kó gbé e pa mọ́ fún mi. Mo tẹ fóòmù bàtà mi, ó le bí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì.

*— Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ —*

BàbáKáfáyà · Àbámẹ́ta, 8:15 àárọ̀

Mo ní kí n fi tó yín létí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mi ò sá eré, ó fẹ́ yà mí ní wèrè. Mo ń wo áàpù náà, òdo, òdo, òdo. Mo ń rìn. Mo ń gòkè lórí ìka ẹsẹ̀ nídìí káńtà, àwọn ọmọ tó wá ra ìwé ń rò pé mò ń wá ìwé tó wà lókè. Lọ́jọ́ kejìlá, mo tẹ ojúgun, kò dùn mọ́, àfi bíi jíjanijẹ díẹ̀ lápá òsì.

Mo wá ṣe ohun tẹ́yin náà mọ̀ pé mo máa ṣe. Mo jáde, mo sá kìlómítà 3 láìdúró. Lọ́jọ́ kejì ó ti padà.

Físíò_Fate · 9:40 àárọ̀

Kò yà mí lẹ́nu. Kò tíì bàjẹ́. Ẹ padà sí ìrìn fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, kí ẹ wá mú ètò tí Ìyá Ìbejì fún Ọmọge yẹn, láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Bẹ́ẹ̀ ni, ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú kan. Ìrora tí kò ju 3 lọ nínú 10, tó sì tán kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹ lè máa bá a lọ. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tàbí tó ń pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń sá, ẹ dúró, ẹ rìn wálé. Ẹ jẹ́ kí ìṣísẹ̀ yín kúrú, kó sì yá. Ẹni tó bá ń ju ẹsẹ̀ síwájú jìnnà ń fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ ni. Ẹ yọ áàpù yẹn kúrò lórí fóònù.

BàbáKáfáyà · 9:44 àárọ̀

Áàpù náà kẹ̀?

Físíò_Fate · 9:45 àárọ̀

Òun gan-an.

*— Ó lé ní oṣù kan lẹ́yìn èyí —*

Ọmọge_Adéwọlé · Àìkú, 7:20 àárọ̀

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni mo wà. Lónìí mo ka Fátíhà pé láìdúró! Ọlọ́kadà kan tiẹ̀ kí mi pẹ̀lú orúkọ. Bàbá Káfáyà dà?

BàbáKáfáyà · Àìkú, 8:55 àárọ̀

Mo wà níbí. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo wà, ìwọ ti ṣáájú mi. Ìgbà tó pọ̀ jù tí mo sá láìdúró jẹ́ ìṣẹ́jú 5, ojúgun ò sì sọ nǹkan kan. Wọ́n tún ìfúnpá mi wò lọ́jọ́ Jímọ̀: 136 lórí 86. Dókítà ní kò tíì dé ibi tí òun fẹ́, kí n má gbàgbé pé iyọ̀ tí mo dín kù náà wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan. Ìyàwó mi rán mi létí pé òun ló ń se ọbẹ̀.

Láàárọ̀ yìí mo ń bọ̀, àkókò ìrìn ló kàn mí nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà, mo sì ń rìn lóòótọ́, mi ò díbọ́n. Ó gbé ṣíbí sókè, ó ní, "Bàbá Káfáyà, ohun tó ń lé yín dà? Ẹ ò sáré mọ́?"

Mo ní ó ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, àmọ́ òun náà ti ń tiro.